Pọ́ǹpù Méje Tí Kò Tu Omi

Afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù àkọ́kọ́ tu jáde. Fíìì, bí arúgbó aláìléyín tó fẹ́ súfèé. Èkejì náà, fíìì. Ẹ̀kẹta, fíìì. Iná sì ń jó.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ni, ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà Brackenlow, ní Lancashire, oṣù kejì ọdún 1941. Kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Jámánì ló ju iná sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń kó àpótí káàkiri ọgbà ló tu ògúnná wẹ́wẹ́ sórí koríko gbígbẹ, ni ahéré tí wọ́n ń kó àpótí òfìfo sí bá gbiná. Ahéré ọ̀hún kò jìnnà sí Ṣẹ́ẹ̀dì Karùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sínú ohun ìjà. Ẹ̀tù tó wà nínú Ṣẹ́ẹ̀dì Karùn-ún, ẹ ṣáà mọ̀, ó lè gbé gbogbo Brackenlow sókè kó sì dà á sílẹ̀ sáàárín ìlú.

Obìnrin mẹ́jọ ló ń ṣọ́ iná níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pọ́ǹpù ọwọ́ tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń ki ìdí rẹ̀ bọ garawa omi, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí wọ́n á sì máa fà á sókè sódò bí ẹni tó ń gún odó. Thirza Ormerod ló ni ẹ̀kẹjọ. Opó ni, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, obìnrin tó máa ń wo ẹ̀yìn kó tó wo iwájú. Ó gbọ́ tí pọ́ǹpù méje ń súfèé. Ó fa tirẹ̀.

Omi! Omi nà tààrà bí ọ̀pá, ó gba ojú iná lọ.

Silas Duckworth, ọkùnrin tó ń bójú tó garawa yanrìn àti garawa omi, ń da yanrìn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn obìnrin yòókù sọ pọ́ǹpù nù, wọ́n ń gbé omi fún Thirza, garawa ń tẹ̀ lé garawa. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí iná fi kú. Ahéré jóná. Irun ìpéǹpéjú Silas jóná. Kò sí ohun mìíràn tó jóná.

"Àǹtí Thirza! Ẹ gbà wá là o!"

"Ẹ gbé wọn sókè! Ẹ gbé wọn sókè!"

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀," ni Thirza ń wí lókè ibi tí wọ́n gbé e sí. "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn mi."

Míìsì Augusta Threlfall, alábòójútó Ṣẹ́ẹ̀dì Karùn-ún, kò bá wọn gbé ẹnikẹ́ni. Ó dúró ti àwọn pọ́ǹpù tó wà nílẹ̀, ó ń fi ìka kà wọ́n.

"Missis Ormerod," ló wí, "méje kọ̀ṣẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ tiyín nìkan ló ṣiṣẹ́?"

Àwọn ọwọ́ tó gbé Thirza sókè bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

*

Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ara òṣìṣẹ́ wò lẹ́nu géètì ni wọ́n tì í mọ́. Àga kan, fèrèsé kan, ìwé ìkìlọ̀ kan lára ògiri. Thirza kò lè ka gbogbo ìwé náà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wí, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Ìlà pupa kan wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Níhìn-ín rẹ̀, wọ ohun tó wù ọ́. Lọ́hùn-ún rẹ̀, apá mímọ́ ni. Bàtà mìíràn, aṣọ mìíràn. Kò sí irin tí wọ́n fi ń di irun mú, kò sí òrùka, kò sí ìwé, kò sí oúnjẹ, kò sí ọ̀rá. Òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ bàtà ti tó láti sọ odindi ṣẹ́ẹ̀dì di ìtàn. Ní ìgbà ìkórè tó kọjá, Dulcie Marsden, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, gba ẹ̀wọ̀n ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n nítorí igi ìṣáná kan ṣoṣo tó há sísàlẹ̀ àpò rẹ̀. Ọmọ náà sunkún títí, adájọ́ kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Thirza mọ ìdí tí pọ́ǹpù tirẹ̀ fi ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó ti gbé ohun kan kọjá ìlà pupa. Bó bá sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n. Bí kò bá sọ ọ́, wọ́n á ní òun ló ba méje jẹ́, òun ni ọ̀dàlẹ̀, nígbà ogun sì rèé, okùn ni wọ́n ń fi san ẹ̀san ọ̀dàlẹ̀. Ó jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó.

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kúkurú kan tó wọ aṣọ ọlọ́pàá wọlé, ó ń rìn bí ẹni tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Sájẹ́ǹtì Lettice Holroyd ni, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n máa ń rán sí ilé iṣẹ́ tí obìnrin bá pọ̀ sí. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Garside, tẹ̀ lé e, fìlà dúdú lórí, ojú pọ́n.

"Ọ̀rọ̀ ti tán, Sájẹ́ǹtì," ni Garside wí. "Obìnrin yìí ba méje jẹ́, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀ kó lè dà bí akọni. Ẹ máa mú un lọ."

"Ṣé ó mọ̀ pé iná máa jó lónìí ni?"

"Ìyẹn... ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, iná á jó."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n rí òkú ná, kí n tó máa wá ẹni tó pa á."

"Òkú wo?"

"Àwọn pọ́ǹpù."

Ó yíjú sí Thirza. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ojú tó ń wò lásán ni.

"Ẹ̀rù ń bà yín, Missis Ormerod."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi lẹ ń bẹ̀rù, àbí ohun tí ẹ mọ̀?"

Thirza wolẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ fọwọ́ kan pọ́ǹpù yín gbẹ̀yìn, kó tó di òní?"

"Mọ́ńdè. Ìdánrawò ni. Gbogbo wa la fọwọ́ kan tiwa."

"Ẹ tú u?"

"Rárá, mà."

Irọ́ nìyẹn. Ó ti ẹnu rẹ̀ já bọ́ kó tó mọ̀. Sájẹ́ǹtì kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọwọ́ Thirza ló ń wò, ọwọ́ tí ẹ̀tù ti sọ di yẹ́lò, tí ìka rẹ̀ ti sán.

"Ó dáa. Ẹ bá mi ká lọ."

"Sínú mọ́tò ọlọ́pàá?" Ohùn Thirza ti fẹ́ di ẹkún.

"Sí àgbàlá. Pọ́ǹpù mẹ́jọ wúwo, ẹ̀yìn ń dun èmi náà."

"Ẹlẹ́wọ̀n ni!" ni Garside pariwo.

"Kò tíì dé ibẹ̀, sà. Òṣìṣẹ́ yín ṣì ni."

*

Wọ́n to àwọn pọ́ǹpù mẹ́jọ náà sórí tábìlì ní àgbàlá, níhìn-ín ìlà pupa. Àwọn obìnrin ṣẹ́ẹ̀dì dúró lókèèrè, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ra nítorí òtútù. Kò sẹ́ni tó kí Thirza. Ìyẹn dùn ún ju yàrá tí wọ́n tì í mọ́ lọ.

Sájẹ́ǹtì tú pọ́ǹpù kìíní. Ó fa ọ̀pá inú rẹ̀ jáde. Ní ìdí ọ̀pá náà ni awọ róbótó kan wà, kò ju ìdérí ìgò lọ. Awọ yẹn ló ń dí inú ọ̀pá pinpin, tí omi fi ń gòkè. Awọ yìí ti ya.

"Ẹ ò rí i!" ni Garside wí. "Ọ̀bẹ nìyẹn!"

"Silas Duckworth ní ọ̀bẹ," ni Míìsì Threlfall sọ, ohùn rẹ̀ tutù bí irin. "Ó sì ti kọ̀ pé òun ò lọ ogun. Òun àti Missis Ormerod máa ń jọ jẹun."

Wọ́n pe Silas. Ó dé, ojú rẹ̀ dán gbinrin láìsí irun, ó dà bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

"Ìwọ ni wọ́n ní o kì í jagun?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

"Mi ò lè pa èèyàn ni, Sájẹ́ǹtì. Iná kì í ṣe èèyàn, mo ń pa á."

"Ó sì fẹ́ pa ìwọ náà."

"Irun ojú nìkan ló rí mú."

"Ọ̀bẹ rẹ dà?"

"Ó wà ní ahéré mi. Mo fi ń gé tábà. Ṣùgbọ́n tábà ti wọ́n láti Kérésì, ọ̀bẹ náà ń jẹ ọlidé."

Ahéré Silas, tí iná kò dé, kò gbà ju èèyàn mẹ́ta lọ. Ọ̀bẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Sájẹ́ǹtì mú un, ó fi gé etí awọ kan wò. Ojú ibi tó gé náà dán, ó rí gbọọrọ. Ó gbé e ti ojú ibi tó ti ya tẹ́lẹ̀. Ìyẹn rí ṣákaṣàka, ó sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀bẹ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Thirza ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì.

Ìwé méjìlá ló wà lára ògiri ahéré náà, Silas fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ọn. Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ àti wákàtí sí wọn lára.

"Àwọn wo ni Bluebell, Gertie, Old Parson?"

"Ẹyẹlé mi ni wọ́n. Wákàtí tí wọ́n fi fò délé nìyẹn."

"Èwo ló yára jù?"

"Gertie. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé kì í padà wálé."

"Irú wọn wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá náà." Sájẹ́ǹtì na ọwọ́, ó yí ìwé kan padà. Ó kà á, ó tún un kà. "Níbo lo ti rí ìwé yìí?"

"Inú àpótí tí àwọn pọ́ǹpù bá dé ni. Ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Míìsì Threlfall ní kí n sun wọ́n, ìwé kì í kọjá ìlà pupa. Ṣùgbọ́n ìwé wọ́n lóde ìwòyí, Sájẹ́ǹtì. Mo ní kí àwọn ẹyẹlé jàǹfààní."

Sájẹ́ǹtì ká ìwé náà, ó fi í sí àpò. Kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni. Thirza rò ó pé ìwé ẹ̀sùn ni. Ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ sórí ìwé, lójú Thirza, ẹ̀sùn ni.

*

"Ìwé méjìlá," ni Sájẹ́ǹtì wí nígbà tí wọ́n padà sí àgbàlá. "Pọ́ǹpù mẹ́jọ ló sì wà lórí tábìlì. Mẹ́rin yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n wà lẹ́nu géètì, níta," ni Silas dáhùn. "Kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀."

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Missis Ormerod, ẹ gbé garawa."

Ìdọ̀tí bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aláǹtakùn ti takùn sára ọ̀kan. Thirza fa èkíní. Omi. Silas fa èkejì. Omi. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, omi, omi. Garside ń wo omi tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ bí ẹni tí omi náà bú.

"Ọ̀gá," ni Sájẹ́ǹtì wí, "bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ ba pọ́ǹpù jẹ́, èwo lẹ máa bà jẹ́? Èyí tó wà níta tí ẹnì kan kì í ṣọ́, àbí èyí tó wà lẹ́yìn ìlà pupa, tí wọ́n máa yẹ gbogbo ara yín wò kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀?"

"Èyí tó wà níta," ni Garside wí, láìfẹ́.

"Ọ̀dàlẹ̀ wo ló ń fi ilé tí kò nílẹ̀kùn sílẹ̀, kó wá lọ máa gun ògiri? Kò sí ọ̀dàlẹ̀ níbí. Ohun kan wà tó ń ṣẹlẹ̀ sí pọ́ǹpù nínú, tí kì í ṣẹlẹ̀ sí i níta. Míìsì Threlfall, ta ló ń tọ́jú ti inú?"

"Èmi." Míìsì Threlfall na ọrùn sókè. Obìnrin gíga ni, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló sì ti fi fún ṣẹ́ẹ̀dì yẹn. "Láti ọjọ́ tí mo ti gba Ṣẹ́ẹ̀dì Karùn-ún, ìka ẹnì kan kò fò lọ rí. Ẹ bèèrè nípa àwọn ṣẹ́ẹ̀dì yòókù. Ohunkóhun tó bá dúró lẹ́yìn ìlà pupa, ní gbogbo Sátidé ni mo ń fọ̀ ọ́. Sódà gbígbóná, aṣọ gbígbẹ. Èmi fúnra mi ni mo ń tú wọn palẹ̀. Kò sí yanrìn, kò sí ẹyọ ọ̀rá kan."

"Títí kan awọ inú wọn?"

"Títí kan awọ inú wọn."

"Ìdánrawò ọjọ́ Mọ́ńdè ńkọ́, ṣé omi ni wọ́n ń fà?"

"Láti oṣù Kejìlá, rárá. Omi ń di yìnyín ní àgbàlá, àwọn obìnrin ń yọ̀ ṣubú. Ọ̀gbẹ́ni Garside ní kí wọ́n máa fà á lófìfo."

Ọ̀gbẹ́ni Garside wúkọ́.

"Kò sẹ́ni tó rí omi láti ẹnu pọ́ǹpù fún ohun tó lé ní oṣù méjì," ni Sájẹ́ǹtì wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó ku ẹ̀kẹjọ."

Ó tú u. Awọ yìí kò ya, ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Sájẹ́ǹtì gbé e sí imú. Ó fà á símú lẹ́ẹ̀kan, ó tún fà á. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Missis Ormerod, ọjọ́ wo lẹ jẹ ẹran màlúù gbẹ̀yìn?"

Thirza di tábìlì mú.

"Ọjọ́... ọjọ́ Àìkú, mà."

"Ó dùn?"

"Ó kéré."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn obìnrin, ó sì yára pa á mọ́nú. Sájẹ́ǹtì kò rẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ Thirza, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ sọ ọ́."

Thirza wo géètì. Ó wo Garside. Ó wo àwọn obìnrin tó gbé e sókè láàárọ̀, tí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Mo fi ọ̀rá pa á. Ọ̀rá ẹran tó wà nínú búrẹ́dì mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí a ń fà wọ́n lófìfo, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń ké. Oko la gbé nígbà tí mo wà ní kékeré, pọ́ǹpù kan wà lẹ́yìn ilé. Bí òtútù bá mú un, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ké, ìyá mi á ní, 'Ọ̀fun rẹ̀ ló gbẹ, ẹ fún un ní ọ̀rá.' Mo wò yíká. Àwọn yòókù ń mu sìgá lọ́wọ́. Mo tú u, mo fi àtàǹpàkò ra á yípo, mo dì í padà. Mo sì gbé e wọ inú. Mo gbé e kọjá ìlà pupa, mà. Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ó kàn ń ké ni. Mi ò lè gbọ́ ọ kí n máa wò ó."

"Ó jẹ́wọ́!" Garside na ìka. "Ọ̀rá, lápá mímọ́! Ìwọ obìnrin yìí, Dulcie Marsden lọ sẹ́wọ̀n nítorí ohun tó kéré jùyẹn!"

"Sùúrù, sà," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Silas, sáré lọ sílé oúnjẹ. Abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, àti ègé búrẹ́dì kan pẹ̀lú ọ̀rá. Sọ fún wọn pé ebi ń pa ọlọ́pàá."

*

Pọ́ǹpù kejì ni wọ́n lò, nítorí awọ tirẹ̀ le bí igi, ṣùgbọ́n kò tíì ya. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Wọ́n ń dúró. Awọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín tó ń yọjú.

"Ó yá, Missis Ormerod," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Bí ìyá yín ti ń ṣe é."

Thirza bẹ̀rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ha ọ̀rá lórí búrẹ́dì, ó ra á mọ́ etí awọ náà yípo, ó tẹ̀ ẹ́ síta díẹ̀ kó lè fẹ̀. Ó dì í.

"Èmi ni mo máa fà á," ni Míìsì Threlfall wí. Kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ pọ́ǹpù mọ́lẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Fíìì. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Fíìì, pẹ̀lú itọ́ díẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró, ó wo Thirza.

"Ẹ má jáwọ́, Míìsì," ni Thirza wí. "Ó ń gbé omi mì lọ́wọ́ ni."

Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, tagbáratagbára. Omi bú jáde! Kò sẹ́ni tó di ẹnu ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ mú dáadáa, ó jà bí ejò, ó gba orí tábìlì kọjá, ó sì gbá fìlà dúdú Ọ̀gbẹ́ni Garside bọ́ sílẹ̀ gbà.

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin di ara wọn mú, wọ́n ń tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n ń nu omijé. Silas jókòó sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù tí kò ráyè bà wọ́n láàárọ̀ nígbà tí iná ń jó, ìgbà yìí ló ń bá ẹ̀rín jáde lára wọn.

Míìsì Threlfall nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó sórí garawa tó dojú délẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ funfun bí yìnyín.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo bà wọ́n jẹ́. Mo fọ ọ̀rá kúrò lára wọn. Ní gbogbo Sátidé."

"Ìmọ́tótó lẹ fi bà wọ́n jẹ́," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Kò sófin tó de ìyẹn. Bó bá wà ni, ìyá ọkọ mi ì bá ti pẹ́ lẹ́wọ̀n."

Garside ti gbé fìlà rẹ̀, ó ń gbọn omi rẹ̀ nù. "Ti ọ̀rá yẹn ṣì wà nílẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Òfin ni òfin."

Ẹ̀rín kú. Thirza dúró gbọnrangandan. Ibi tó ti ń bẹ̀rù láti àárọ̀ nìyí.

Sájẹ́ǹtì fa ìwé Silas yọ. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó kà á kí gbogbo wọn lè gbọ́: "'Ẹ fi òróró tàbí ọ̀rá pa awọ inú rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ má ṣe fi sódà fọ̀ ọ́. Awọ tó bá gbẹ kò ní fa omi.' Àwọn tó rọ pọ́ǹpù ló kọ ọ́, òǹtẹ̀ ìjọba sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rá wà lára pọ́ǹpù yìí gẹ́gẹ́ bí awọ ṣe wà lára rẹ̀. Nínú gbogbo ọgbà yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló pa àṣẹ ìjọba mọ́."

"Kò mọ̀ pé àṣẹ kankan wà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sínú ìwé mi, ìwé náà á sì dé iwájú àwọn ọ̀gá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé kí n kọ ọ́ pé opó kan fi ọ̀rá búrẹ́dì rẹ̀ gba ilé iṣẹ́ là, ni wọ́n bá jù ú sẹ́wọ̀n? Kí n sì kọ orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n máa fa pọ́ǹpù lófìfo láti oṣù Kejìlá?"

Omi ń kán láti etí fìlà Garside. Tó. Tó. Tó.

"Ẹ kọ ọ́," ló wí níkẹyìn, "pé ògúnná ọkọ̀ ojú irin ni. Àti pé wọ́n pa iná."

"Ta ló pa á, sà?"

"Missis Ormerod ló pa á."

"Ẹ̀sùn kankan lórí rẹ̀?"

"Kò sí."

Thirza kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn. Ara tù ú wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ ẹrù igi kalẹ̀. Àwọn obìnrin yí i ká, ọ̀kan ń bẹ̀ ẹ́, òmíràn ń fi ìkúùkù gbá a léjìká. "Àǹtí Thirza, ẹ má bínú sí wa o." "Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ bi wọ́n." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tó ń ṣe.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ túká, Míìsì Threlfall dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Thirza kò rí i kí ó wolẹ̀ rí.

"Ọ̀rá náà, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó?" ló bèèrè.

"Ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò, Míìsì."

"Ẹ máa fi hàn mí lọ́la. Lójú gbogbo wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí i pé mò ń kọ́ ọ lọ́wọ́ yín."

"Kò sí wàhálà." Lẹ́yìn náà, nítorí pé ara ti tù ú, ó fi kún un: "Ṣùgbọ́n ẹ má lo bọ́tà o. Bọ́tà díẹ̀ tí ìjọba ń wọ̀n fún wa lọ́sẹ̀, a máa lá a kó tó dé ìdí pọ́ǹpù."

Ẹnu Míìsì Threlfall mì. Fún un, ẹ̀rín ńlá nìyẹn.

*

Aago méjì ọ̀sán ni ṣíìfù wọn parí. Bọ́ọ̀sì ti lọ nígbà tí Thirza fi pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ tán. Sájẹ́ǹtì Holroyd gúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú mọ́tò ọlọ́pàá.

"Ẹ wọlé."

Thirza fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Iwájú," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹ̀yìn wà fún àwọn ọ̀daràn."

Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà. Oòrùn tín-ín-rín kan yọ lórí òkè, ìrì dídì sì ń yọ́ lórí òrùlé. Nígbà tí mọ́tò yà sí Hob Lane, òpópónà tí ilé Thirza wà, Thirza rí kọ́tìnnì aládùúgbò rẹ̀, Missis Blamire, tó mì. Ó rí ti ilé kejì tó mì. Ọmọ kan dẹ́kun bọ́ọ̀lù gbígbá. Ní Hob Lane, bí mọ́tò ọlọ́pàá bá gbé èèyàn délé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ti dé òpin àdúgbò kó tó bọ́ sílẹ̀.

Ara rẹ̀ fẹ́ sún wálẹ̀ lórí ìjókòó. Ó ti mọ́ ọn lára.

"Wọ́n ń wò yín," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ṣé kí n sáré kọjá ni?"

Thirza ronú sí i. Ó rò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ó nà ró lórí ìjókòó, ó yí gíláàsì fèrèsé sílẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ó sì yọ orí síta sínú òtútù.

"Missis Blamire!" ló ké, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo ilé tó wà ní Hob Lane. "Mo mọ̀ pé ẹ wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn! Ẹ gbé kẹ́tùlù kaná, mo ti ń bọ̀ wá sọ ọ́ fún yín!"